Bí ẹ ṣe lè gba igbó àdúgbò yín sílẹ̀ kí katapílà tó dé

Igbó kì í ṣàdédé pòórá ní Àkúrẹ́. Kí katapílà tó wọlé, ìwé ti rìn tipẹ́: awọnlẹ̀ ti wọn ilẹ̀, ẹnìkan ti tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ti pín in sí plọ́ọ̀tì lórí bébà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti san àsansílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ariwo ọjọ́ tí arère bá wó lulẹ̀ kì í fi í sábà mú nǹkan kan wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí igbó etí odò Alà tàbí èyí tó wà lẹ́yìnkùlé òun ṣẹ́ kù, ìwé ló máa kọ́kọ́ wá kiri.

Ta ló ni ín?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bójú tó o fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìjọ̀kà tàbí Ọ̀bà-Ilé tí ẹ béèrè, orúkọ ẹbí ni wọ́n máa dá fún yín. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú méjèèjì.

Bó bá jẹ́ igbó ìjọba ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rìsáàfù, bíi ti Àkúrẹ́ sí Ọ̀fọ̀sù, ìjọba nìkan ló lè yọ apá kan kúrò nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi yọ ọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “ọ̀gá ti fọwọ́ sí i” lé yín lọ.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ wádìí ẹni tó tà á. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí lọ́wọ́ sí i, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, kóòtù lè fagi lé e, bí àwọn tí inú ń bí bá tètè pẹjọ́. Ọ̀pọ̀ igbó ló ṣì wà lónìí torí pé ìyá àgbà kan nínú ẹbí kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ wá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ kí i dáadáa.

Igbó òrìṣà tún yàtọ̀. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọdún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, nígbà tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tó di olórìṣà, àti àwọn aráàlú ti ń jà fún un. Ọdún 1992 ni ìwé náà tó gbòòrò kárí gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ọdún 2005 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tó gbà á wọlé sínú àkójọ ogún àgbáyé. Wọn ò dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ṣeé gbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà.

Ti iléèwé àti ilé iṣẹ́ ìjọba kò le tó bẹ́ẹ̀: ọ̀gá àgbà wọn ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Bí ẹ ṣe máa rí ìwé náà gbà

Ẹ lọ sí Alágbàka, sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ náà. Ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ mú awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ dání. Nọ́ńbà tó wà lórí òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n rì sáàlà lè sọ ẹni tó wọn ilẹ̀ fún un.

Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, ẹ lo Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ lẹ́tà, torí ohun tí wọ́n ń kà lọ́fíìsì nìyẹn. Ẹ dárúkọ òfin náà, kí ẹ béèrè ẹ̀dà máàpù tí wọ́n fi pín plọ́ọ̀tì, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti ìwé tó yọ igbó náà kúrò bó bá jẹ́ ti ìjọba. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá sọ pé àkókò kò tó, ọjọ́ méje mìíràn ni wọ́n lè fi kún un. Nígbà kan, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin àpapọ̀ yẹn kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn níhìn-ín ní Àkúrẹ́ ti sọ lọ́dún 2018 pé ó kàn wọ́n, nínú ẹjọ́ tó dá lórí ilé aṣòfin Òǹdó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2025. Ẹ kọ èyí sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ máa mú padà sílé, torí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí i.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ nígbà tí igi ṣì dúró

Google Earth ní ibi tí ẹ ti lè wo àwòrán ilẹ̀ kan láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó máa fi hàn bóyá igbó ni ibẹ̀ látilẹ̀wá tàbí oko tó di igbó. Ẹ ya fọ́tò igi ńláńlá. Ẹ pe babaláwo tàbí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kó bá yín dárúkọ wọn: ìrókò, àfàrà, ọmọ̀, àyàn, akòko. Ẹ kọ ẹni tó ń lo ibẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tó ń fi ṣe. Bí odò bá kọjá níbẹ̀, ẹ ya ibi tí omi ń dé lóṣù kẹsàn-án, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ilé á dúró níbẹ̀.

Fọ́tò inú fóònù kì í wọ kóòtù lásán o. Abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á. Ẹ tọ́jú fóònù náà, ẹ má pa fáìlì tó ti wá rẹ́.

Nọ́ńbà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀

Òfin EIA ọdún 1992 ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá máa fà fún àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀ sí i. Ní ti ilé kíkọ́, hẹ́kítà 50 sókè ni ó ti pọn dandan. Hẹ́kítà kan tó plọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, bí a kò bá yọ ti títì. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó ń lọ sí plọ́ọ̀tì 750 ni òfin yìí ń mú dandan, igbó àárín ìlú tó tó bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń gé ilẹ̀ ńlá kan wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó má bàa tó ìwọ̀n náà: ẹ gba ìwé gbogbo abala rẹ̀, kí ẹ tò wọ́n pọ̀. Bí ilẹ̀ bá kéré lóòótọ́, ọ́fíìsì ètò ìlú ni ẹ dojú kọ, torí ilé kankan kò gbọdọ̀ dìde láìgba àṣẹ wọn.

Ààfin, ẹbí, lọ́yà

Ẹ má rán àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ bá Kábíyèsí Dejì. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò yín kọjá, kí àgbà ṣáájú, kí ẹ mú máàpù dání. Ẹbí tó fẹ́ ta ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá: owó iléèwé àti owó ilé ìwòsàn ló sábà ń ta ilẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á gbà láti ta òkè, kí wọ́n fi etí odò àti igi ńlá sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹ gbà á, bó bá ti wà nínú ìwé tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tọwọ́ bọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ tètè rí lọ́yà. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba: bó bá kan irú ẹjọ́ yín, oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ní láti fi pè wọ́n. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó lè pẹjọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2018 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pe ilé iṣẹ́ epo ìjọba lẹ́jọ́ nítorí odò tó bà jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ábíá. Àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ dúró ni kí lọ́yà kọ́kọ́ bèèrè fún. Ìgbà yìí ni rédíò wúlò, torí ìwé ti wà lọ́wọ́ yín: ẹ lọ sọ̀rọ̀ lórí Adaba tàbí Positive FM.

Bí ẹ bá rí i gbà

Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wọn ín, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ láàfin, òmíràn lọ́dọ̀ lọ́yà. Lẹ́yìn náà ẹ gbin pèrègún sáàlà. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó apá, ẹ rì í sílẹ̀ bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, ìṣísẹ̀ kan sí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sún ààlà á ní láti fà á tu lójú gbogbo àdúgbò. Ẹ yan ẹni tí á máa rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì máa san owó ọkọ̀ rẹ̀.