Bí mo ṣe gba ẹja àrọ̀ mi là
Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo kó ẹja 20 sínú táǹkì lẹ́yìnkùlé, omi ń rùn, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sórí òkúta wẹ́wẹ́, tí omi ẹja náà ń bọ́, sì ti ń pọ́n. Àrọ̀ máa ń gòkè wá mí, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò padà sísàlẹ̀, wọn kò jẹun. Àyà mi já.

Ammonia ló fà á, oró tó ń rùn, láti inú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ kò tíì pọ̀ lórí òkúta. Ẹja 5 péré ni ǹ bá kọ́kọ́ kó sí i!

Mo dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ 3, mo ń fi omi kànga pààrọ̀ ìdámẹ́ta omi lójoojúmọ́ (chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, léwu fún ẹja). Mo bu òkúta ẹ̀kún ike kan nínú táǹkì ọ̀rẹ́ mi tó ti pẹ́, mo dà á mọ́ tèmi, torí àwọn kòkòrò náà ti pọ̀ lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ewé tuntun yọ, ó dúdú minimini.