Bí Ọmọdé Bá Ń Tu Oògùn HIV Dànù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún méjì ni ọmọ-ọmọ mi, kílò 11 ni ó sì wọ̀n. Bí ó bá ti rí ìgò oògùn HIV rẹ̀ báyìí ni yóò pa ẹnu dé. Èyí tí mo bá sì rọ sí i lẹ́nu, ara mi ni yóò tu ú sí. Ṣé kí n máa dì í nímú ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ má dì í nímú, nítorí oògùn lè ṣì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lára ìgò náà. Bí ó bá jẹ́ lopinavir àti ritonavir olómi, ọmọ kò jẹ̀bi rárá: oògùn yẹn korò gidigidi, ọtí tó wà nínú rẹ̀ sì tó ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ọmọ náà lè bọ́ sórí dolutegravir tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, hóró mílígíráàmù 10 tó ń yòrò nínú omi, tó sì ní adùn èso sitirọ́bẹ́rì. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ rí i gbà ní ọdún 2021. Kò nílò fíríìjì, ohun ńlá sì ni èyí nílé tí iná kì í dúró.

Ìbéèrè: Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fún wa. Kí ni mo máa ṣe sí èyí tó ń ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ife?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù, nítorí oògùn ni, kì í ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lásán. Ẹ bu omi mímu tó mọ́, bíi ṣíbí tíì kan sí méjì, sínú ife kékeré. Ẹ ju hóró méjì tó bá kílò 11 mu sí i, kí ẹ sì rọra máa yí ife náà títí kókó kankan kò fi ní sí níbẹ̀ mọ́. Kí ó mu ún tán kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bu omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ṣan ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ife, kí ẹ sì fún un mu. Ìwọ̀n ara ni a fi ń ka hóró (ọmọ tí kò tíì tó kílò 10, tó sì ti kọjá 6, hóró kan àti ààbọ̀ ni tirẹ̀), nítorí náà, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n nígbàkúgbà tí ẹ bá lọ gba oògùn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè pò ó mọ́ ògì?

Ìdáhùn: Ó sàn kí ògì tẹ̀lé e. Bí ó bá fi ààbọ̀ abọ́ sílẹ̀, ẹ kò ní mọ iye oògùn tó wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ó bá bì í ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó mu ún, ẹ fún un ní òmíràn, bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dúró de àkókò tó kàn. Bí èébì náà kò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.