Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Iná Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Ń Yọni Lẹ́nu

Gílóòbù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré rà bí iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́ wọn bá kọ̀ tí kò tàn, tàbí tí ó bá ń tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ó kú, kò burú. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì, súwíìṣì tàbí rílè (súwíìṣì kékeré tí iná díẹ̀ ń darí kí iná púpọ̀ lè kọjá) ni ó yẹ kí a fura sí, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí gílóòbù méjì jó ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí ẹ bá sì ra gílóòbù halogen, ẹ má fi ọwọ́ lásán di dígí rẹ̀ mú, torí pé ọ̀rá ìka máa ń jẹ́ kí ó gbóná jù lójú kan, kí ó sì tètè bàjẹ́.

Ìdí fíùsì ni àṣìṣe tí ó léwu jù ti ń wáyé. Àwọn kan á ká bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ èyí tí ó jó, wọ́n á sì máa dúpẹ́ pé iná ti dé, láìrántí pé ńṣe ni a dìídì ṣe fíùsì kí ó lè jó ṣáájú wáyà. Nínú Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, fíùsì funfun jẹ́ ti ámpíà 8, pupa sì jẹ́ ti 16 (ámpíà ni a fi ń wọn bí iná tí ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ẹni tí ó bá ki pupa sí ojú funfun ti sọ wáyà ọkọ̀ rẹ̀ di fíùsì nìyẹn. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ pa iná, kí ẹ sì fi ìka yí fíùsì náà síwá sẹ́yìn níbi tí ó wà. Bí iná bá dé lẹ́yìn èyí, ẹnu rẹ̀ ni ó ti dógùn-ún, ẹ sì níláti ha á dáadáa.

Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ni a kì í sábà fura sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń dà wá láàmú jù. Ìjàpá tèmi ṣe é rí. Iná apá òsì pọ́n bí ẹyinná tí ó ń kú lọ, nígbà tí mo bá sì wà lórí dímù, iná búlúù kékeré iwájú awakọ̀, tí kò yẹ kí ó tàn àfi bí a bá tan fúlù, á máa tàn fírífírí. Riwáyà méjì ti pààrọ̀ gílóòbù, ìkẹta sì ti fẹ́ tú súwíìṣì ìdí sítiárì, kí èmi fúnra mi tó tẹ̀ lé wáyà aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí àwọn ará Jámánì fi ń ṣe ẹ́ẹ̀tì, dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì ibẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan bí ẹfun ti bo irin. Iná tí kò rí ọ̀nà padà sílé ti gba inú okùn fúlù gílóòbù apá òsì kọjá, ó ń wá ẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ gílóòbù apá ọ̀tún; ìdí tí búlúù fi ń tàn nìyẹn. Sáńpépà ni mo fi ha ibẹ̀ títí ó fi dán, mo sì fún nọ́ọ̀tì náà le.

Àwọn tí ó mọ mítà lò pàápàá ní àṣìṣe tiwọn: wọ́n á yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lẹ́yìn gílóòbù kí wọ́n tó wọn iná. Mítà á ka fóòtì 12, wọ́n á ní wáyà dára. Irọ́ ni. Wáyà tí ó ku fọ́nrán kan ṣoṣo lè fi fóòtì 12 han mítà, ṣùgbọ́n kò lè gbé ámpíà bíi 4 àbọ̀ tí gílóòbù wáàtì 55 ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná wà ní títàn, kí ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí èkejì kan ẹ́ẹ̀tì gílóòbù. Bí ó bá ju ìdajì fóòtì lọ, ẹ́ẹ̀tì ń jalè. Ẹ ṣe bákan náà láàrin orí pọ́sítíìfù àti wáyà tí ń gbé iná wá.

Ẹ má sì fi ọgbọ́n ọkọ̀ Jámánì tú ti Jàpáánì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì ni súwíìṣì wà, nítorí náà wáyà tí ẹ rò pé ẹ́ẹ̀tì ni lè jẹ́ èyí tí ń gbé iná wá gan-an. Ẹni tí ó bá so ó mọ́ ara ọkọ̀ yóò máa jó fíùsì láìmọ ohun tí ó fà á.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, gílóòbù wáàtì 100 kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó ń fa ámpíà tí ó ju 8 lọ gba inú súwíìṣì tí ó ti darúgbó, pílọ́ọ̀gì á sì yọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Rílè méjì ni kí ẹ fi sí i, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù, kí wáyà tuntun tí ó nípọn wá tààrà láti orí bátìrì, kí fíùsì rẹ̀ sì wà nítòsí bátìrì náà. Nínú Ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, nítorí náà kí ẹ ra wáyà tí yóò gùn tó.