Bí mo ṣe gba ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ mi tó jẹ́ SS

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù October, mo lọ mú ọmọ mi níléèwé, tíṣà rẹ̀ sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ náà ní làákàyè, àmọ́ ó ya ọ̀lẹ. Ó ní tí òun bá ní kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́ta tẹ̀léra, àkọ́kọ́ nìkan ló máa ṣe, á wá jókòó, á máa wo ojú fèrèsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo dénú mọ́tò ni omi bọ́ lójú mi, torí ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ.

Houston, ní Texas, là ń gbé. Oríkì ọmọ náà, Àkànní, ni màá fi pè é níbí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, SS sì ni, àìsàn tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Láti August tí wọ́n wọlé, ọjọ́ mọ́kànlá ni kò lè lọ síléèwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá a dúró ní ọsibítù. Kí wọ́n tó wọlé gan-an, wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sì rí i pé nígbà kan, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibì kan níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọwọ́ ò rọ, ẹsẹ̀ ò rọ, a ò sì mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Silent stroke ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú ọmọ SS mẹ́ta, ó tó ọ̀kan tó máa ti ní i kó tó dàgbà tán. Ohun tó máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ ni ìrántí, ìfọkànsí, àti bí ọpọlọ ṣe ń yára tó. Ohun tí tíṣà rí tó pè ní ọ̀lẹ gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe pé mi ò sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ ní kọ́rídọ̀, mo sọ ọ́ lórí fóònù, mo sọ ọ́ nígbà tí mo lọ fi oògùn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń mi orí, gbogbo wọn ló ń bá mi kẹ́dùn, kò sì sí nǹkan kan tó yí padà.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo rojọ́ fún àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ́ níbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìyá Àkànní, ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Àǹtí, mo ti sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún wọn."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o sọ ọ́. Mo ní ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kọ déètì sí i?"

Ní Ìbàdàn tí mo ti dàgbà, tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ta kókó, ìyá á wọ aṣọ tó dáa, á lọ kí ọ̀gá iléèwé, wọn á jọ sọ ọ́ títí ara á fi tu oníkálukú. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ ní Texas, ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ 15 tí iléèwé ṣí láti dá ọ lóhùn lórí ìwé: bóyá wọ́n máa yẹ ọmọ náà wò, tàbí wọn ò ní ṣe é, kí wọ́n sì sọ ìdí.

Kí n tó kọ ọ́, mo pe ìyá ọkọ mi. Ìyá yẹn ti sin ọmọ kan nígbà èwe rẹ̀, àbíkú ni wọ́n sì pe ọmọ náà, torí náà mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ní, "Ẹ má kọ orúkọ àìsàn mọ́ ọmọ mi lórí o. Ìwé òyìnbó kì í jẹrà."

Mo ní, "Mọ́mì, orúkọ kan ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é."

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Kọ ọ́."

Lẹ́tà náà ò kún ojú ìwé kan. Mo kọ déètì sókè. Mo kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹ̀kọ́ àkànṣe lábẹ́ IDEA, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, torí pé ó ní sickle cell anemia, àti pé àìsàn náà ń ṣèdíwọ́ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo so lẹ́tà dókítà àti àbájáde MRI mọ́ ọn. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléèwé àti ọ̀gá ẹ̀kọ́ àkànṣe fún gbogbo iléèwé ìjọba àdúgbò wa, mo sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, ẹ mọ èyí. Láti 1975 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí iléèwé ìjọba kọ́ gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ̀nà tó bá ọmọ náà mu. 1990 ni wọ́n yí orúkọ òfin náà padà sí IDEA. Ọ̀wọ́ ìpèníjà 13 ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Other Health Impairment, ìyẹn ìṣòro ìlera mìíràn, nínú ìlànà tó sì ṣàlàyé ọ̀wọ́ yẹn, wọ́n dárúkọ sickle cell anemia ní tààrà, pẹ̀lú ikọ́ fée (asthma), ìtọ̀ ṣúgà àti wárápá. Nígbà tí mo rí i, ńṣe ni mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fún un ní ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ nínú kíláàsì, ká wò ó títí di January. Mo ní ìrànlọ́wọ́ dáa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́la, àmọ́ òfin ò jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dá àyẹ̀wò dúró. Wọ́n ní ṣé Section 504 ò ní tó? Òfin 1973 nìyẹn, tó ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀tanú sí ẹni tó ní ìpèníjà. Ó lè gbà á láyè láti mu omi nínú kíláàsì àti láti ní àkókò sí i nígbà ìdánwò, àmọ́ kì í sábà mú olùkọ́ àkànṣe jókòó tì í kó tún ohun tó pàdánù kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́, IEP, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún ọmọ kan ṣoṣo lábẹ́ IDEA, sì lè gba méjèèjì pọ̀.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Láti 2004, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní Texas fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ pé kí àwọn ọmọ tó wà nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe má kọjá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ìròyìn Houston Chronicle ló gbé e síta ní 2016. Wọ́n fagi lé e ní 2017, nígbà tó sì di 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìpínlẹ̀ náà rú òfin. Àwọn ọmọ tí wọ́n sọ fún pé wọn ò nílò rẹ̀ nígbà yẹn ti dàgbà báyìí. Mi ò fẹ́ kí tèmi kún wọn.

Wọ́n gbà. Mo fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ọjọ́ 45 tí iléèwé ṣí sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: tí ọmọ bá pa ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ lásìkò àyẹ̀wò, wọ́n máa fi iye ọjọ́ yẹn kún un. Àkànní pa márùn-ún jẹ. Nígbà tí àbájáde jáde, ẹni tó ṣàyẹ̀wò ọpọlọ fún un jókòó tì mí, ó fi hàn mí bó ṣe lọ. Ó ka nọ́ńbà fún un pé kó kà á padà láti ẹ̀yìn. Ó mọ ti nọ́ńbà méjì. Nígbà tó di mẹ́ta, ó ka ìkẹyìn, ó dúró, ó ní, "Ó ti lọ." Nínú òye ọ̀rọ̀, ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí ìpàdé ńlá tó dé, èmi àti nọ́ọ̀sì iléèwé ṣe ètò ìlera rẹ̀. Èyí ló gbà mí lọ́kàn jù, torí ètò ẹ̀kọ́ tó dáa kò wúlò fún ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí mo sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, fíríìjì kékeré kan wà tó kún fún àpò yìnyín. Mo bi í pé kí ló ń ṣe tí ọmọ bá ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ó nawọ́ sí fíríìjì. Àyà mi já. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì. Tí wọ́n bá gbé yìnyín lé ibi tó ń ro ọmọ SS, ńṣe ni wọ́n ń dá kún un. Nǹkan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló yẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò pupa kọ ọ́ sókè ìwé náà: KÒ GBỌDỌ̀ LO YÌNYÍN.

A kọ ìyókù: ìgò omi lórí tábìlì rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kó máa lọ tọ̀ láìtọrọ àyè, ìjókòó rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kó wà nínú ilé tí oòrùn Houston bá mú jù. Oògùn ìrora wà nínú ìgò tí ilé oògùn fi lé wa lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Tí ibà bá dé 101 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ọsibítù ni, kì í ṣe kó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀sì títí ìyá rẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìpàdé ńlá yẹn, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ètò ẹ̀kọ́ ọmọ, ni wọ́n ń pè ní ARD ní Texas. Àwọn méje jókòó yí tábìlì ká, èmi nìkan ni òbí, torí ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí mi bá mi lọ. Òfin gbà kí òbí mú ẹni tó mọ ọmọ náà dání. Wọ́n ti tẹ IEP sílẹ̀. Mo ka àfojúsùn àkọ́kọ́: "Ìwé kíkà rẹ̀ yóò dára sí i." Mo bi wọ́n léèrè: láti ibo dé ibo? Ta ló máa wọ̀n ọ́n, ìgbà wo? Wọn ò kọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tó bá wà ní ọsibítù náà. Mo ní Texas fàyè gba kí tíṣà wá kọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé, tí dókítà bá kọ ọ́ pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ò ní láti tẹ̀léra. Ẹnì kan ní kí n fọwọ́ sí i ná, a máa tún un ṣe tó bá yá. Àǹtí mi fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì.

Mi ò fọwọ́ sí i. Mo sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tí òbí ò bá gbà, wọ́n lè sún ìpàdé síwájú, kó má ju ọjọ́ mẹ́wàá tí iléèwé ṣí. Ní ọjọ́ kẹjọ a padà sí tábìlì yẹn. Iye ọ̀rọ̀ tó ń kà ní ìṣẹ́jú kan lónìí wà níbẹ̀, iye tó yẹ kó kà ní May wà níbẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ àkànṣe ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, àti tíṣà tó máa wá sílé. Wọ́n tún kọ ọ́ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa fún un lẹ́ẹ̀kan, lórí bébà, kì í ṣe mẹ́ta pọ̀ láti ẹnu. Tíṣà rẹ̀ ló dábàá ìyẹn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú sí mi." Mo ti dárí jì í kó tó sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún IEP wò. Tiwa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà mi, déètì wà lórí rẹ̀.