Bí a ṣe ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ọkọ̀ ojú omi nínú ọgbà ilé ẹni

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbà pé iṣẹ́ àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ni ọkọ̀ ojú omi kíkàn, pé kò kan ará òkè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Adágún Ọbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Erelú wà ní Ọ̀yọ́, igi àrẹ̀rẹ̀ wà ní sọ́míìlì wa, àwọn káfíńtà wa sì mọ ìfági lò. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ látinú ìtì igi ọmọ kan ṣoṣo. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni à ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a ó fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí a ó wá fi aṣọ fáíbà àti epoxy, ohun olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè gan, bò ó nínú àti lóde. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀, igi kédà ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, tó ń gbé ẹni méjì, sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 25 sí 30. Àgbàlagbà kan lè gbé e lé èjìká lọ sétí omi.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ayùn: kì í ṣe igi ló ń dá omi dúró nínú ọkọ̀ yìí. Igi wà láàárín ìpele fáíbà méjì bí àkàrà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Fáíbà àti epoxy ló ń lé omi sẹ́yìn, àwọn náà ló ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ti igi ni láti jẹ́ kí ìpele méjèèjì jìnnà síra, kí ara ọkọ̀ lè le láìwúwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé àrẹ̀rẹ̀ tó. Káfíńtà á sọ fún yín pé àrẹ̀rẹ̀ ń tètè jẹrà, pé ikán fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ òrùlé lẹ fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ àrẹ̀rẹ̀ gbígbẹ fúyẹ́ tó kédà, nǹkan bíi kílò 380 ní kúbíìkì mítà kan, bẹ́ẹ̀ ìrókò tí wọ́n á máa yìn fún yín wúwo jù ú lọ púpọ̀.

Igi rírà àti lílà

Ẹ béèrè pákó àrẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12, tó nípọn ní íǹṣì kan, tó fẹ̀ ní íǹṣì 12. Ẹ yan èyí tí kò ní kókó, tí ìlà ara rẹ̀ lọ tààrà láti orí dé ìdí. Àwọ̀ búlúù tó máa ń wà lára àrẹ̀rẹ̀ kì í ba agbára rẹ̀ jẹ́, àmọ́ epoxy ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yín dán gbinrin, ẹ fi irú pákó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Kí wọ́n fá ojú méjèèjì títí á fi ku mìlímítà 19, kí wọ́n wá là á ní mìlímítà 6, 6. Eyín ayùn á jẹ tó mìlímítà 3 nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà pákó kan á bọ́ sí nǹkan bíi 33. Ọkọ̀ wa ń fẹ́ nǹkan bíi 70 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17. Ẹ ṣe 80, torí àwọn kan á kán. Nígbà tó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ni pákó tiwa, odindi kan àti ààbọ̀ kan lẹ ó so pọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 120 lápapọ̀. Pákó mẹ́rin á gbé e, àmọ́ ẹ ra mẹ́fà.

Ẹ má ṣe fi orí kan orí níbi ìsopọ̀. Ẹ fá ẹnu méjèèjì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ọ̀kan gun èkejì, kí ẹ fi gúlù funfun tí káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́. Bó bá gbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá máa ṣẹ́, ó sàn kó ṣẹ́ lọ́wọ́ yín báyìí.

Pákó sọ́míìlì sábà máa ń tutù. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi kéékèèké la àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ni mo fẹ́ràn jù fún gbogbo iṣẹ́ yìí.

Férémù

Ẹ má ṣe fojú inú ya ọkọ̀ àkọ́kọ́ yín. Ẹ ra àwòrán tí wọ́n ti fi kan ọkọ̀ tó léfòó dáadáa. Inú rẹ̀ lẹ ó ti rí bí férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí à ń to pákó lé kí ọkọ̀ tó lè dúró fúnra rẹ̀, ṣe rí. Páìwúdù ni kí ẹ fi gé e. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16 á gbà tó férémù 15, tí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ gbé gbogbo wọn sórí igi gígùn kan tó tọ́ gbọnrangandan, kí ìdí ọkọ̀ kọjú sókè. Ẹ fa ìlà àárín sára férémù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Okùn náà gbọ́dọ̀ kan ìlà àárín gbogbo wọn. Ẹ má kánjú níbí, nítorí ọkọ̀ tí férémù rẹ̀ wọ́ kò ní yé fà sápá kan lójú omi. Ẹ wá lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ etí wọn kí gúlù má bàa gbá wọn mọ́ pákó.

Títò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ọkọ̀, kí ẹ máa gòkè lọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ti to ọ̀kan sí ọ̀tún, ẹ to ọ̀kan sí òsì, kí ìfà wọn lè dọ́gba. Àwọn kan máa ń fi ìṣó mú un mọ́ férémù, àmọ́ ihò rẹ̀ á hàn. Ẹ lọ bá fọkanáísà, kí ẹ gba tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, kí ẹ gé e ní gbọọrọ. Ó ń fà, ó sì ń mú pákó mọ́ra wọn láìdá ọgbẹ́ sí i.

Níbi tí ara ọkọ̀ ti yípo, etí pákó méjì á ya ẹnu síta. Ẹ mú ìfági kékeré, kí ẹ fá etí tuntun náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gbé e wò, títí tí imọ́lẹ̀ ò fi ní yọ láàárín wọn mọ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ káfíńtà ti ń hàn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti pé, ẹ fá gúlù tó yọ dànù, ẹ fi ìfági tẹ́ ojú ọkọ̀, kí ẹ wá fi sáńpépà 80 àti 120 ha á. Lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kó máa rá lórí igi. Gbogbo òkè àti kòtò tí ojú ò rí lọ́sàn-án á jù òjìji sílẹ̀.

Fáíbà àti epoxy

Ohun tí àwọn tó ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ń lò, tó máa ń rùn, polyester ni. Kì í di igi mú bí epoxy. Fáíbà wọn náà kì í ṣe híhun. Òwú kúkúrú tí wọ́n fi èròjà kan pa pọ̀ ni, tí polyester lè yọ́ àmọ́ tí kì í yọ́ nínú epoxy. Aṣọ fáíbà híhun ni kí ẹ béèrè, èyí tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 200 ní mítà kan níbùú-lóròó.

Bí wọ́n bá kọ 2:1 sára agolo, ìyẹn epoxy méjì sí hádínà (èyí tó ń mú un gan) kan, 2:1 gan-an ni kí ẹ wọ̀n. Ẹni tó bá ti lo polyester rí á fẹ́ fi hádínà díẹ̀ kún un kó lè tètè gan. Nínú epoxy, àfikún yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó gan dáadáa. Ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dà á sórí aṣọ lójú ẹsẹ̀, torí èyí tó bá pọ̀ nínú ife máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi rú èéfín. Ooru ilẹ̀ wa náà ń bẹ níbẹ̀: bí ooru bá fi 10°C ju ohun tí wọ́n kọ sára agolo, àkókò tí ẹ ní á fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, bí aago mẹ́rin àbọ̀. Afẹ́fẹ́ wà nínú igi. Bí oòrùn bá ń mú sí i, afẹ́fẹ́ náà á máa jáde gba inú epoxy tútù, á sì fi roro sílẹ̀ lábẹ́ fáíbà. Bí ilẹ̀ bá ń tutù, igi á máa fa epoxy mọ́ra ni. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú kí eruku ọyẹ́ lè jókòó, kí ẹ sì ta tapolín yí ibẹ̀ ká.

Ẹ tẹ́ aṣọ náà ní gbígbẹ, ẹ fọwọ́ nà án, kí ẹ da epoxy láti àárín lọ sí etí, kí ẹ máa fi rọ́bà pẹlẹbẹ tì í. Aṣọ funfun náà á di aláìláwọ̀ lójú yín, igi á sì yọ kedere. Ibi tó bá ń dán yinrin, epoxy ti pọ̀ jù níbẹ̀; ẹ tì í kúrò. Kó tó gan tán, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta kí ojú aṣọ lè kún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà, kí ẹ bo imú tí ẹ bá ń ha á. Ara tó bá ti kọ epoxy lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tún gbà á mọ́.

Bó bá ti le, ẹ yí ọkọ̀ padà, ẹ yọ férémù, kí ẹ ṣe inú rẹ̀ bákan náà. Ẹ fi ọ̀gànwó ṣe etí rẹ̀ àti igi ìdábùú, kí ẹ dí iwájú àti ẹ̀yìn pa kí afẹ́fẹ́ lè wà níbẹ̀ bí omi bá wọlé. Kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bo òkè rẹ̀, ò yàtọ̀ púpọ̀: ẹ ó fi pákó to òkè rẹ̀ náà lọ́tọ̀, ẹ ó sì fi fáíbà so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ láti inú.

Oòrùn ń jẹ epoxy, nítorí náà fáníìṣì tó ń dènà ìtànṣán oòrùn ló gbọ́dọ̀ bò ó, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta. Fáníìṣì àga inú ilé kò tó. Kí ẹ tó gbé e dé Ọbà tàbí Erelú, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó omi náà, torí omi mímu ìlú ni. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò níbi tí omi kò ti ju ìbàdí lọ.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí igi méjì lábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀ nítorí ikán. Bí òkúta bá ha á débi tí igi fi yọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi epoxy dí i.