Ẹ̀rọ Awárin Tòkunbọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn Án àti Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Lórí Ilẹ̀ Yangí

Iṣẹ́ sọ̀féyọ̀ ni mo ń ṣe ní Abùjá, láti Kubwa dé Bwari, títí lọ dé Kuje. Jos ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Kì í ṣe wúrà ló mú mi dé ìdí ẹ̀rọ awárin, ẹ̀rọ tó ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀, bíkìn ni. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: òpó kọnkéré kúkúrú tí a rì mọ́ igun pulọ́ọ̀tì, tí ọ̀pá irin wà láàárín rẹ̀. Bí katapílà bá gba orí ilẹ̀ náà kọjá, tàbí tí aládùúgbò da yẹ̀pẹ̀ lé e, bíkìn á sọnù, ìjà ààlà á sì bẹ̀rẹ̀. GPS alágbèéká lè fi mítà 3 sí 5 ṣìnà. Kí lébírà máa gbẹ́ gbogbo àyè yẹn wò, ọjọ́ méjì ni. Ẹ̀rọ awárin ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ìdajì wákàtí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, tuntun ni, nínú páálí tó ń dán. Ẹni tó tà á fún mi ní yóò gbọ́ wúrà ní mítà 5 nínú ilẹ̀. Bí mo ṣe tàn án, ó ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa, bí a tilẹ̀ gbé e sókè afẹ́fẹ́ níbi tí irin kankan kò sí. Ayédèrú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀rọ gidi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè rà máa ń gbọ́ owó irin ní nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ àgbà kan tí a tẹ́ sílẹ̀. Ohun ńlá bí ìkòkò irin ló lè jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá ń ka mítà fún yín lórí owó kékeré, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Àlòkù ni mo rà lẹ́yìn náà, Tesoro Vaquero kan, lọ́wọ́ ẹni tó ń kó padà sí òkè òkun. Kò ní ojú amọ́hùnmáwòrán tó ń fi nọ́ńbà hàn. Bọ́tìnì yíyí mélòó kan àti ohùn kan ṣoṣo ló ní, bátìrì volt 9 kan sì tó o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, nítorí pé ó fi agbára mú mi kọ́ etí mi. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà máa ń wo ojú ẹ̀rọ, kì í gbọ́ ilẹ̀.

Nípa ríra àlòkù, ibi tí ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ni kọ́ìlì, abọ́ pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Tesoro ní Arizona ti kógbá sílé ní 2018, White's ti Oregon, tí òun náà ń ṣe ẹ̀rọ awárin, sì tẹ̀ lé e ní 2020. Bí kọ́ìlì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, àlòkù mìíràn lẹ máa wá kiri. Nítorí náà, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì máa mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ké nígbà tí ẹ mi ibì kan, wáyà ti já nínú. Ẹ ṣí ilé bátìrì: bí ẹ bá rí ìpáta aláwọ̀ ewé lára irin rẹ̀, ẹ dín owó kù tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha. Ẹ kó ìṣó kan, ìdérí mínírà kan, òrùka kan àti owó irin kan sápò lọ, kí ẹ gbé wọn kọjá níwájú kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta ojúlówó kò ní bínú sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a wà ní ìhà ibí ni pé kí ẹ̀rọ náà ní bọ́tìnì tí a fi ń mú un bá ilẹ̀ mu. Irin pọ̀ nínú yangí, òun ló jẹ́ kó pupa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí kò bá lè gbójú fo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ á máa ké ní gbogbo ibi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti sé ètò yìí pa láti ilé iṣẹ́. Ó lè dára nílẹ̀ ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n lórí òkè Bwari ó máa dá yín lágara.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi ẹ̀rọ sí ipò tó ń gbọ́ gbogbo irin, ẹ wá ibi tí nǹkan kan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé kọ́ìlì dé orúnkún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ẹ tún gbé e. Bí ohùn bá ń ròkè nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí bọ́tìnì sí apá kan díẹ̀. Bó bá ń rẹlẹ̀, ẹ yí i sí apá kejì. Ìgbà tí ohùn kò bá yí padà mọ́, ẹ ti bá ilẹ̀ náà dọ́gba. Bí ẹ bá kúrò níbi yangí dé ibi iyanrìn, ẹ tún un ṣe. Bàtà iṣẹ́ tó ní irin níwájú á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ẹ bọ́ ọ. Ní 1881, nígbà tí Alexander Graham Bell gbé irú ẹ̀rọ yìí lọ wá ọta ìbọn lára Ààrẹ Garfield ti Amẹ́ríkà, wáyà irin inú bẹ́ẹ̀dì wà lára ohun tó da ẹ̀rọ rẹ̀ rú. Ẹ má gba abẹ́ wáyà iná ńlá náà, ẹ sì fi fóònù sápò ẹ̀yìn.

Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ ara mi lẹ́yìnkùlé. Mo rì ìṣó, ìdérí mínírà, etí agolo àti owó 1 kọ́bọ̀ ti 1973 sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 5, òmíràn ní 10, mo fi igi kékeré sàmì sí wọn. Lálaalẹ́ ni mo ń gba orí wọn kọjá. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ yá: kọ́ìlì máa ń lọ pẹrẹsẹ, kì í gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí jangilófà. Ohùn tó dára máa ń mọ́, á sì dún bákan náà bí ẹ ti wá láti òsì tàbí ọ̀tún. Ìṣó máa ń ṣẹ́ ohùn. Bí ẹ bá ti gbọ́ nǹkan, ẹ yí ara yín, ẹ tún gbà á kọjá ní ìbú: ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ gbẹ́.

Bọ́tìnì tó ń ṣàyàn irin ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì lò jù. Ó lè mú kí ẹ̀rọ dákẹ́ sí ìṣó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i sókè jù, òrùka wúrà tín-ínrín á bá ìdọ̀tí lọ. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ní Kubwa ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kejì ìdána ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ tí o fi ń wá bíkìn yẹn, ṣé ó lè bá mi wá òrùka?" Mo kúnlẹ̀ sínú koríko níbi tí wọ́n ti jẹun. Ìdérí mínírà kún ibẹ̀ fọ́fọ́, mo yí bọ́tìnì sókè kí n lè sinmi, mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí nǹkan. Ìgbà tí mo yí i padà sísàlẹ̀, tí mo gbà láti gbẹ́ gbogbo ohùn tó bá mọ́, ni òrùka jáde, lẹ́yìn ìdérí àti etí agolo tó kún ike kan. Fún bíkìn, òdo ni mo máa ń fi í sí, nítorí irin gan-an ni mò ń wá. Owó irin 1 náírà ti 1991 náà, mágnẹ́ẹ̀tì máa ń gbé e, ẹ̀rọ sì lè kà á mọ́ ìṣó. Ọ̀níní àtijọ́ tó ní ihò láàárín ní tirẹ̀ máa ń dún kedere.

Ní Jos, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi bi mí bóyá ó lè bá wọn rí kuza, ìyẹn tin tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Mo ní rárá. Ẹ̀rọ yìí ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ru iná kékeré sókè lára irin, iná yẹn ló ń gbọ́. Kuza inú òkúta kò tíì di irin àfi tí wọ́n bá yọ́ ọ, iná kò ní yí po lára rẹ̀. Òkúta olówó iyebíye náà kì í dún. Ní ti wúrà, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 fi í sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé àṣẹ lẹ máa gbà. Ẹ sì rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣẹ́ ohùn léraléra níbì kan, tí ẹ gbẹ́, tí ẹ rí òkúta dúdú wúwo tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí àkàrà, ìdàrọ́ nìyẹn, ìgbẹ́ irin láti iléru àwọn alágbẹ̀dẹ. Ní Taruga, ní gúúsù ìlà-oòrùn Abùjá, awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg gbẹ́ iléru àwọn ará Nok àtijọ́ tó ti lé ní 2,000 ọdún. Bí a bá yí ìdàrọ́ padà ní ipò rẹ̀, ìtàn tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ bò ó padà, ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ fi tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Òfin National Commission for Museums and Monuments ti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ. Ní Borno, Yobe àti Adamawa, ẹ má gbẹ́ ohunkóhun rárá, nítorí bọ́ǹbù tí kò tíì bú ṣì wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀.

Kí n tó gbé ẹ̀rọ jáde lóko ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ lọ kí mai unguwa, olórí àdúgbò, mo máa ń fi ìwé onílẹ̀ hàn án, mo sì máa ń jẹ́ kó gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún. Ẹni tó rí àjèjì tó ń fi ọ̀pá gbálẹ̀ nínú ìgbẹ́ lásìkò yìí lè rò ohun mìíràn.

Lóṣù tó kọjá ní Kuje, aládùúgbò méjì tí wọn kò kí ara wọn mọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan, gbọnrangandan. Lébírà gbẹ́ ẹ dé ìdajì ojúgun, orí kọnkéré yọ, mo fi ọwọ́ nu yẹ̀pẹ̀ kúrò, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó dàgbà nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó wo ògiri tó ti kọ́, ó wo bíkìn, ó ní kí n bá òun wọn iye tí òun fi kọjá ààlà.