Bí Mo Ṣe Tún Kọ̀ǹpútà Ìtajà Kan Ṣe ní Ìkòròdú Kí Iná Má Baà Da Ìṣirò Rú

Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín kan nítòsí ọjà Sábó, Ìkòròdú, fi ń kọ ohun tí wọ́n bá tà. Ẹjọ́ wọn ni pé owó òní ń bọ́ sínú ti àná. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo kọ ohun tí ẹ̀rọ náà gbà láìwádìí sílẹ̀: pé aago rẹ̀ tọ̀nà, pé ohun tó bá kọ kò ní pòórá, pé bí èsì kò bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ohun tó fi ránṣẹ́ kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti aago ló burú jù. Pi 4 kò ní bátìrì aago. Wákàtí wákàtí ló ń kọ aago pamọ́. Bí iná bá lọ lóru tó dé láàárọ̀, ibi tó kọ kẹ́yìn ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àyàfi bí íntánẹ́ẹ̀tì bá tètè tún un ṣe. Oníbàárà aago mẹ́jọ àárọ̀ á wá gba rìsíìtì alẹ́ àná. Mo ra DS3231, aago kékeré tó ní bátìrì tirẹ̀, mo so ojú iná rẹ̀ (VCC) mọ́ ẹsẹ̀ 1 Pi (3.3V), ojú ìsọfúnni rẹ̀ méjèèjì, SDA mọ́ 3, SCL mọ́ 5, àti ojú ilẹ̀ rẹ̀ (GND) mọ́ 9. Ẹ má so ó mọ́ 5V o: púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà máa ń ṣáàjì bátìrì inú wọn, CR2032 (bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ) kì í sì í ṣe bátìrì tí a ń ṣáàjì, ó lè wú. Mo kọ dtoverlay=i2c-rtc,ds3231 sínú config.txt (fáìlì ètò Pi) kó lè mọ aago náà, mo yọ fake-hwclock, ètò tó ń kọ aago pamọ́ ní wákàtí wákàtí, kúrò, mo pa Pi, mo tún un tàn. Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti mú aago tọ̀nà ni mo tó lo sudo hwclock -w, àṣẹ tó ń kọ aago Pi sínú DS3231. Bí ẹ bá lò ó ṣáájú, àṣìṣe lẹ kọ sínú aago tuntun yẹn.

Bátìrì yìí náà á kú lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, nọ́ńbà tó ń gòkè ní oókan ni mo fi to títà, kì í ṣe aago. Bí ẹ̀rọ bá tàn tó rí i pé aago òun kò tíì dé ìgbà tó wà lórí rìsíìtì tó jáde kẹ́yìn, kò ní tẹ ìwé kankan. Ó sàn kó dúró ju kó purọ́ lọ: ọlọ́jà lè fi bírò kọ rìsíìtì fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò tó ti dà rú kì í tètè tò.

SQLite, ètò tó ń tọ́jú ìsọfúnni sínú fáìlì, ni wọ́n fi ń pa títà mọ́, ní WAL (ó ń kọ àyípadà sínú fáìlì ọ̀tọ̀ kó tó kó o sínú fáìlì gidi), pẹ̀lú synchronous=NORMAL, tí kì í dúró kí títà kọ̀ọ̀kan wọ ibi ìpamọ́ tán. Báyìí, iná tó lọ lójijì kò ní ba fáìlì jẹ́, àmọ́ títà tó kẹ́yìn lè pòórá. Mo yí i sí FULL, tó ń dúró dè é. Mo wá fa wáyà iná yọ nígbà 20 bí mo ṣe ń tẹ títà lọ. PRAGMA integrity_check, àyẹ̀wò tí SQLite ń ṣe fún fáìlì rẹ̀, ní “ok” ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó, torí kò lè mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní láti fi rìsíìtì tó ti jáde wé fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, títà kọ̀ọ̀kan gba UUID tirẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ tí kò jọ ti òmíràn) nínú ṣọ́ọ̀bù, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì fi UNIQUE sórí rẹ̀ kó má baà kọ UUID kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí èsì kò bá dé, Pi á tún un fi ránṣẹ́ pẹ̀lú UUID kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, 2, 4, títí dé ìṣẹ́jú 5. Mo yọ íntánẹ́ẹ̀tì kí èsì tó dé, lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀mẹta ni sáfà gba títà náà, ẹ̀ẹ̀kan ló kọ ọ́.